Ọkọ̀ Pupa Bàbá ní Aládé

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ má fi ìtàn yìí sílẹ̀ ní ìdajì o. Ẹ kà á dé ìlà tó kẹ́yìn, kí ẹ sì fi ránṣẹ́ sí ẹni tó bá ní ohun àtijọ́ nílé.

1. Àgbẹ̀ kòkó ni bàbá Ọláfimíhàn ní Aládé, ní Ìdànrè. Nígbà tí kòkó lówó lórí, ó ra ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ asáré kan, pupa fòò, ìjókòó méjì péré. Nígbà tó kú, wọ́n ti ọkọ̀ náà sínú àká kòkó, ibẹ̀ ló sì wà fún ọ̀pọ̀ ọdún.

Ìyá wá fẹ́ pé ọgọ́rin ọdún. Ohun kan ṣoṣo ló tọrọ. "Ọmọ mi, ọkọ̀ bàbá rẹ ni kí o fi gbé mi lọ síbi ìdúpẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì. Mo fẹ́ jókòó síbi tí mo máa ń jókòó sí."

2. Ọláfimíhàn, tó ń ṣiṣẹ́ ní Àkúrẹ́, gbà tayọ̀tayọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ wo ibi tí ìgbéraga gbà wọlé! Ó ní òun ò ní gbé ohun gbígbó wá síbi ìdúpẹ́ kí àwọn ará ìlú máa fi òun ṣẹ̀sín. Ó tún ẹ́ńjìnnì ṣe, ó yọ àtùpà iwájú, ó yọ gíláàsì, ó yọ sítíárìn onígi. Ó fi tuntun tó ń dán yinrin rọ́pò gbogbo rẹ̀.

"Ọláfimíhàn, rọra o," ni ìyá rẹ̀ wí.

"Màmá, ẹ fọkàn balẹ̀. Tí ẹ bá rí i, ẹ ó jó!"

Ó kó àwọn ti àtijọ́ fún àwọn tó ń ra irin, wọ́n sì kó wọn lọ yọ́. Ọmọ yìí ò tiẹ̀ bi ẹnikẹ́ni léèrè!

3. Nígbà tí ìdúpẹ́ ku ọ̀la, ó ránṣẹ́ pe David, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó wà nínú ẹgbẹ́ àwọn tó ń tọ́jú ọkọ̀ àtijọ́, kó wá wò ó bóyá ẹgbẹ́ á gbà á wọlé. David bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó wo ìdí àtùpà.

"Ẹ̀gbọ́n, ohun tó bá irú ọkọ̀ yìí wá láti ilé iṣẹ́ la fi ń dá a mọ̀. Wọ́n máa ń tẹ ọdún sí i lára. Ọdún tó kọjá ni wọ́n ṣe èyí. Ti àtijọ́ dà?"

"Wọ́n ti gbó. Mo kó wọn dànù."

"Yéè! Gbígbó yẹn gan-an là ń wá kiri!"

Ara Ọláfimíhàn kọ́kọ́ gbóná. "Màmá mi ni mo ṣe é fún, kì í ṣe ẹgbẹ́ yín." Ó ní kí ìyá wá jókòó. Ìyá jókòó, ó wo sítíárìn tuntun títí.

"Ó lẹ́wà, ọmọ mi. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ ta nìyí?"

Ọláfimíhàn bú sẹ́kún.

4. Ìyá wọlé, ó gbé nǹkan kan jáde tó fi ìró wé. Sítíárìn onígi ni! "Mo yọ ọ́ nínú ẹrù àwọn oníirin. Fọwọ́ pa ibí yìí."

Ara igi náà rí kángunkàngun.

"Eyín rẹ nìyẹn. Nígbà tí o ń hu eyín, orí itan bàbá rẹ lo ti ń gé e jẹ. Kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni kùn ún. Á ní òǹtẹ̀ ọmọ òun ni."

David yẹ̀ ẹ́ wò. "Ti ọkọ̀ yìí gan-an ni, Màmá. Kò sí àní-àní." Ojú ẹsẹ̀ ló bá wọn dè é padà.

Lọ́jọ́ kejì, ìyá jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ Ọláfimíhàn tó ń wakọ̀, ó ń rẹ́rìn-ín, ó sì ń fọwọ́ kan sítíárìn lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Ní ṣọ́ọ̀ṣì, ó kúnlẹ̀. "Olúwa, mo dúpẹ́. Èyí tó ṣẹ́ kù tó mi." Ẹkún ọpẹ́ gba ojú Ọláfimíhàn. Ẹgbẹ́ ò gba ọkọ̀ náà wọlé títí di òní o.

Ẹ̀yin ará, ẹ ṣọ́ra fún dídán! Kí ẹ tó pe ohun bàbá yín ní àlòkù, ẹ béèrè lọ́wọ́ ẹni tó mọ ìtàn rẹ̀. Àtùpà ọkọ̀ yẹn ti di ìkòkò ní ilé ìdáná ẹnì kan báyìí, ẹkún ò lè dá a padà. Tí ìyá yín bá ṣì wà láyé, ẹ dúpẹ́, kí ẹ sì lọ bi í lónìí.