Àkọsílẹ̀ Toyyibah

Aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì ni Tiwátọ́pẹ́, òṣìṣẹ́ àjọ kan tó ń ran ọmọdé lọ́wọ́, wọ ṣọ́ọ̀bù Jìbírílù télọ̀ láàárín ìlú Ọ̀wọ̀. Ohun méjì ló wá gbà. Èkíní ni ọgọ́ta aṣọ eré ìdárayá tí àjọ wọn fẹ́ pín fáwọn ọmọ ilé-ìwé ní Uso. Èkejì ni àkọsílẹ̀ ẹ̀rọ tó so mọ́ ọrùn ẹsẹ̀ Toyyibah, ọmọ Jìbírílù, ẹni ọdún méjìlá. Ẹ̀rọ náà kò tóbi ju aago ọwọ́ lọ, ó sì máa ń ka bí ọmọ ṣe ń rìn, bó ṣe ń sáré, àti ìgbà tó bá jókòó. Àwọn ọmọ tó bá fi òótọ́ lò ó ni wọn yóò kó lọ sí àgọ́ eré ìdárayá ní Àkúrẹ́. Láti ìgbà tí Toyyibah ti gbọ́ ló ti di ẹrù rẹ̀ sílẹ̀.

"Ẹ káàbọ̀, anti," Jìbírílù kí i. "A ti rán aṣọ yín tán. Bẹ́ ẹ ṣe ń pè mí lójoojúmọ́, ta ló máa sùn?"

"Ẹ ṣeun, bàbá Toyyibah. Wọ́n mà dára o."

Toyyibah jókòó sídìí maṣíìnì. Ó kí i, àmọ́ kò dìde, kò kúnlẹ̀. Ìyẹn ló kọ́kọ́ bí Tiwátọ́pẹ́ nínú.

Ó ṣí fóònù rẹ̀, àkọsílẹ̀ sì jáde. Lójoojúmọ́, láti aago mẹ́fà àárọ̀ di aago mẹ́jọ alẹ́, ìṣísẹ̀ kan náà ni, á yá kánkán, á dúró díẹ̀, á tún yá. Ẹsẹ̀ náà kò rìn dé ilé-ìwé lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ọmọ wo ló ń rìn báyẹn? Ó wo fóònù, ó wo maṣíìnì, ọ̀rọ̀ sì yé e. Ó rí i lára bí ẹni tó rí ìdin nínú ọbẹ̀.

"Toyyibah, o gé okùn ẹ̀rọ wa, o lọ so ó mọ́ ibi tí bàbá rẹ ń fẹsẹ̀ tẹ̀ lábẹ́ maṣíìnì, àbí?"

Ọmọ náà wo bàbá rẹ̀.

"Ẹ forí jì í, anti," Jìbírílù yára dáhùn. "Ìwà ọmọdé ni. Èmi náà rí i, mi ò mọ̀ pé ó ṣe pàtàkì ni. Wàláhì, màá bá a wí."

"Ẹ rí i, ẹ sì dákẹ́? Ọmọ tí ò tíì tó nǹkan, irọ́ ti kún ikùn rẹ̀, bàbá rẹ̀ tún ń gbè é lẹ́yìn! Ẹ̀yin méjèèjì kó mi nírìíra."

Ó yọ bírò, ó fagi lé orúkọ Toyyibah nínú ìwé àwọn ọmọ tó ń lọ sí àgọ́. Omi lé sójú ọmọ náà. Bàbá rẹ̀ mí kanlẹ̀, ó tilẹ̀ dúpẹ́.

"Ẹ jẹ́ kí n mú ẹ̀rọ mi," ni Tiwátọ́pẹ́ wí. Ó fi ìbínú bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ láti tú u kúrò lábẹ́ maṣíìnì.

Kò bá nǹkan kan níbẹ̀ ju ẹsẹ̀ Toyyibah tó wú rọ̀gbọ̀dọ̀ lórí ibi ìfẹsẹ̀tẹ̀ náà lọ. Okùn ike tí òun fúnra rẹ̀ fi de ẹ̀rọ náà mọ́ ọn lọ́jọ́ Ajé, èyí tí kò ṣeé tú àyàfi kí wọ́n gé e, kò tíì já, ó ti rì sínú ẹran.