Ihò Iná Àwọn Ọmọ Fetterolf

Níbi ìsìnkú ìyá wọn ni Harlan Fetterolf àti Delmar ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti jà kẹ́yìn. Kì í ṣe ogún ni wọ́n jà lé lórí. Pásítọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ní kí gbogbo ènìyàn tẹrí ba ni Delmar bá yọ́ ọ̀rọ̀ sọ sí àbúrò rẹ̀ létí pé ihò iná tó fẹ̀ ló dára jù.

"Orí ẹ ló fẹ̀," Harlan dá a lóhùn, ohùn rẹ̀ sì ròkè ju ti pásítọ̀ lọ.

Kí wọ́n tó ṣe àmín, wọ́n ti di ara wọn ní táì mú. Ìyá wọn wọlẹ̀, kò sí ọmọ tó ráyè bu yẹ̀pẹ̀ sí i.

Ọ̀rọ̀ ihò iná kò ta kókó. Ìtanná kékeré kan ló wà ní ìdí ọta ìbọn. Bí ìbọn bá gún un, á ṣáná, iná náà á sì gba ihò tín-ín-rín kan ní ìdí karawun, ìyẹn idẹ tó gbé ọta, wọlé lọ bá ẹ̀tù inú rẹ̀. Harlan gbà pé bí ihò náà bá ṣe kéré tó ni iná ṣe ń wọlé jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ tó, tí gbogbo ọta á sì máa bà síbì kan náà. Delmar ní ihò kékeré ń fún iná lọ́rùn ni. Kí ènìyàn fi dírìlì fẹ̀ ẹ́, kí ẹ̀tù lè gbiná lẹ́ẹ̀kan náà. Láàárín àwọn òkè Pensilféníà ní Amẹ́ríkà tí wọ́n ń gbé, àwọn ọkùnrin a máa fi gbogbo Sátidé yìnbọn sí bébà, kí ojú ihò márùn-ún lè di ẹyọ kan. Àwọn ìyàwó wọn a sì máa fi Sátidé náà sinmi lọ́wọ́ wọn.

Láti ọjọ́ ìsìnkú náà, Delmar kò wá jẹ adìyẹ nílé Harlan lọ́jọ́ Sọ́ńdè mọ́. Àga rẹ̀ wà níbẹ̀, Harlan a sì máa wò ó bó bá ń jẹun. Ó wù ú kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ padà wá. Èyí tó wù ú jù ni kó padà wá jẹ́wọ́ pé òun gọ̀.

Ọ̀rọ̀ náà sú Verna, ìyàwó Harlan. Bàbá rẹ̀ ló ń tún ìbọn ṣe kó tó kú, ọwọ́ Verna náà sì mọ iṣẹ́ ọ̀hún. Ó gbé fóònù, ó pe Delmar, ó ní kí Harlan náà súnmọ́ kó gbọ́.

"Kí kálukú yín kó karawun ọta rẹ̀ fún mi. Èmi ni màá di ẹ̀tù sí i. Màá fi kútẹ́ẹ̀sì kun ìdí wọn, apá kan pupa, apá kan búlúù, èmi nìkan ni màá sì mọ èwo ni ta ni. Kálukú yín á yin àwọ̀ méjèèjì. Ẹni tí ọta ẹ̀ bá fọ́n ká jù á fá irùngbọ̀n ẹ̀ níwájú gbogbo ẹgbẹ́ ayìnbọn, á sì ní, 'Òmùgọ̀ ni mí.'"

"Kí Harlan ti máa pọ́n abẹ ẹ̀," Delmar wí.

"Sọ fún un pé tiẹ̀ ni màá bá a pọ́n," Harlan wí fún ìyàwó rẹ̀.

Nígbà tí Sátidé pé, Harlan ń gbé kọfí jáde nínú ọkọ̀ ní pápá ìyìnbọn ni Verna fẹ̀yìn ti ilẹ̀kùn ọkọ̀, tó ṣẹ́jú sí i.

"Pupa ni tìẹ. Bó o bá fi í yangàn sí Delmar, màá kó lọ bá ìyá mi."

"Ìyá ẹ ti kú."

"Ìdí tí mo fi ní kó o ṣọ́ra nìyẹn."

Harlan kọ́kọ́ yin pupa. Ó dúró de atẹ́gùn kó rọlẹ̀, ó mí síta, ó rọra fà á bí ẹni ń yọ ẹ̀gún lẹ́sẹ̀ ọmọ ọwọ́. Owó onírin kan bo gbogbo ojú ihò tó dá sí bébà. Ó wá yin búlúù. Ìyẹn fọ́n ká bí àgbàdo tí wọ́n dà sílẹ̀ fún adìyẹ.

"Ó ń tapá bí ìbaaka," ó wí fún àwọn tó dúró. Verna ti ń ṣa àwọn karawun òfìfo sínú àpò ápúrọ́ọ̀nù rẹ̀.

Ó kan Delmar. Owó onírin kan bo gbogbo pupa tí Delmar náà yìn, nígbà tó sì yin búlúù, ọ̀kan lọ ba bébà ẹni tó ń yìnbọn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

"Èwo lo fẹ́ràn?" Harlan bi í. Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tó bá a sọ láti ibi sàréè nìyẹn.

"Pupa," Delmar wí, ó ń rẹ́rìn-ín. "Ó ń yọ̀ bí òróró."

Àánú ṣe Harlan. Ẹ wo ọkùnrin tó ń gbóríyìn fún ọta ọ̀tá rẹ̀! Ó wo irùngbọ̀n ẹ̀gbọ́n rẹ̀, funfun báláú, irú ti bàbá wọn gan-an. Ike Bastian, alága ẹgbẹ́, ti gbé ẹ̀rọ ìfárí dání, àwọn tó kù ń pariwo pé, "Verna, sọ ọ́!"

Verna yanu.

"Má sọ ọ́," Harlan wí. "Ẹ̀gbọ́n mi ni."

"Èmi náà ní kó o má sọ ọ́," Delmar yára fi kún un. "A kì í dójú ti ọmọ ìyá ẹni."

Ó ti mọ̀ pé òun pàdánù, ni Harlan rò, omi sì lé ròrò sí i lójú. Wọ́n dì mọ́ra. Àwọn ẹgbẹ́ hó lé wọn lórí, Ike sì ní òun ti fi epo sí ẹ̀rọ ìfárí lásán.

Lọ́jọ́ kejì, Delmar jókòó sí àga rẹ̀. Harlan bu itan adìyẹ fún un bí ẹni ń tọ́jú aláìsàn. Delmar gé páì tó tóbi jù fún àbúrò rẹ̀, ó sì rọra ń gbá a léjìká. Kò sẹ́ni tó dárúkọ ihò. Inú Harlan dùn sí ìwà rere ara rẹ̀.

Ní ilé ìdáná, Verna, tó ti ṣẹ́jú sí Delmar náà láàárọ̀ Sátidé tó sì ti sọ fún un pé pupa ni tirẹ̀, ju àwọn àpò karawun táwọn ọkùnrin méjèèjì kó fún un sínú garawa ìdọ̀tí láìtú ẹnu wọn, nítorí inú páálí ọta kan ṣoṣo tó rà ní ṣọ́ọ̀bù ló ti mú àti pupa àti búlúù.