Iná Pupa Lára Abẹ́ní

Àárọ̀ ọjọ́ Ajé ni Abẹ́ní máa ń lọ fọ ẹ̀jẹ̀ ní ilé ìwòsàn, nítorí kídìnrín rẹ̀ méjèèjì ti dákẹ́. Kí ẹ̀rọ tó ń fọ ẹ̀jẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ẹ̀rọ náà kọ́kọ́ yẹ̀ ẹ́ wò bóyá inú ara rẹ̀ ń wú. Iná pupa tún tàn lára ẹ̀rọ: inú ara rẹ̀ ṣì ń wú.

"Ìyá mi, ìgbà kẹta rèé," ni nọ́ọ̀sì Tinúadé wí láìwo ojú rẹ̀. "Wọ́n ti yọ yín kúrò lára àwọn tó ń retí kídìnrín tuntun."

"Eyín mẹ́rin tó kẹ̀ ni mo yọ kí wíwú yìí lè lọlẹ̀!"

"Ẹ pẹ̀lẹ́, mà. Òfin ni pé ẹni tí iná pupa bá tàn fún lẹ́ẹ̀mẹta kò lè gba kídìnrín."

Abẹ́ní na apá fún abẹ́rẹ́. "Jọ̀ọ́, má tíì sọ fún Adùnọlá ọmọ mi."

"Ẹ̀rọ ti fi àtẹ̀jíṣẹ́ sọ fún un, mà."

Fóònù bẹ̀rẹ̀ sí í dún lórí itan Abẹ́ní, orúkọ Adùnọlá sì hàn lójú rẹ̀. Ó dijú, kò gbé e.