Òkété Tó Fín Oògùn Pa Agbọ́n

Ìyá wa àgbà, Ọyágbèmí, ló kọ́kọ́ pa àlọ́ yìí fún wa, lọ́dún tí kòkòrò ba àgbàdo bàbá wa jẹ́.

Kòkòrò ń jẹ inú igi àgbàdo tí Òkété gbẹ́kẹ̀ lé fún oúnjẹ ọdún. Agbọ́n ń wọ ibẹ̀ lọ yé ẹyin sí àwọn kòkòrò náà lára. Àwọn ọmọ rẹ̀ á sì jẹ wọ́n pa. Òkété aláìnísùúrù gbé oògùn apakòkòrò.

Agbọ́n ní, “Ẹ̀gbọ́n, oògùn yẹn ò lè dé inú igi. Èmi ni yóò pa.”

Òkété ní, “Ẹlẹ́yin, ìgbà wo lo di oníṣègùn?” Ó bá fín in.

Oògùn náà ṣiṣẹ́ dáadáa: Agbọ́n kú. Kòkòrò bá gbórin nínú igi:

Òkété, a dúpẹ́ o —
Ẹ máa jẹ ẹ́ lọ.
O bá wa pa ọ̀tá —
Ẹ máa jẹ ẹ́ lọ.

Ọ̀rọ̀ parí ní Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹtàdínlógún lẹ́yìn tó fín oògùn: pòròpórò lásán ni Òkété rù wálé.