Ṣámpíọ̀n Ijó Orí Táyà Ń Padà Bọ̀

Ṣàfíù fa bàtà onítáyà rẹ̀ jáde lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó wọ̀ ọ́.

Kí gbogbo Ìkòtún gbọ́ o: ṣámpíọ̀n ijó orí táyà ń padà bọ̀ wá díje!

Ìdíátù, ìyàwó rẹ̀ tí wọ́n jọ gba ife-ẹ̀yẹ lọ́jọ́sí, ń fi róòbù pa á lórúnkún.

"Ta ló tó gbéná wojú wa? Ẹnikẹ́ni ò borí wa rí!" ni Ṣàfíù ń fọ́nnu.

Òótọ́ ni, jàre.

Fóònù dún. Ẹni tó ń ṣètò ìdíje ni.

"Ṣámpíọ̀n, tọkọtaya kan láti Ìjẹ̀gùn náà ti forúkọ sílẹ̀ o."

Ṣàfíù rọra bọ́ bàtà.

"Orúnkún yìí ò mà gbà mọ́."

"Ẹ pẹ̀lẹ́, ẹni tẹ́nikẹ́ni ò borí rí," ni Ìdíátù wí, ó dé róòbù.

Ó kúkú mọ̀. Lọ́dún tí wọ́n gba ife, àwọn nìkan ló wá díje.