Omi Tó Yọ́, Tó Tún Dì

Tíṣà ń di irinṣẹ́ tó fi ń wọn yìnyín sínú àpótí nígbà tí Ivalu, ìyá ọ̀kan nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀, wọlé gẹ̀ẹ̀rẹ̀, ọmọ tuntun nínú ẹ̀wù awọ lẹ́yìn rẹ̀.

"Ivalu, o ò tiẹ̀ kan ilẹ̀kùn!"

"Ṣé ọlọ́pàá ni mí ni? Àwọn nìkan ló ń kan ilẹ̀kùn lábúlé wa. Wọ́n ní ò ń lọ lọ́la. Ta lo fẹ́ fi wá lé lọ́wọ́?"

"Ta ni mo ní níbí? Ìyá mi kú, ìjì ò jẹ́ kí n lọ sin ín. Kò sẹ́ni tó ń pè mí lọ́mọ mọ́. Ó kúkú yá kí n lọ dá wà níbi tí kò tutù tó báyìí."

Ivalu bú sẹ́rìn-ín. "Kí lo kọ́ àwọn ọmọ wa lọ́jọ́sí?"

"Pé yìnyín tó yọ́ ò sọnù. Omi yẹn náà ló ń padà dì."

"Wọ́n délé, wọ́n ní, 'Áà, bí orúkọ!'"

"Orúkọ báwo?"

Orin ni Ivalu fi dáhùn, bó ṣe ń gbé ọmọ jáde nínú ẹ̀wù:

*Yọ́, kó o tún dì o,*
*Lọ, kó o tún bọ̀ o,*
*Karoline, ọmọ rẹ ń retí.*

Karoline lorúkọ ìyá tíṣà.

Ivalu gbé ọmọ náà lé e nítan. "Àná la sọ ọ́ ní orúkọ ìyá rẹ. Lọ́dọ̀ wa, ẹni tó kú máa ń bá orúkọ rẹ̀ padà wá. Kí màmá rẹ jàre, ọ̀nà jìn."

Ọmọ náà sín. Tíṣà tú àpótí, ó fa ìbọ̀sẹ̀ tí ìyá rẹ̀ hun fún un yọ, ó fi wọ̀ ọ́ dé itan.

"Ẹsẹ̀ yín mà tutù o, Màmá."