Èrò Múítì Nípa Géèmù

Kí Mùhyídéènì tó gbéra lọ sọ òtítọ́ fún Ange ní ìlú Notsé, ó jókòó ti kọ̀ǹpútà ọmọ rẹ̀, ó tún ka ohun tí òun àti Ange ti kọ síra wọn.

Múítì, ọmọ náà, ti kú ṣáájú ààwẹ̀. Ibà lásán ni wọ́n kọ́kọ́ pè é. Láti ìgbà náà, àwọn ará ọjà Atakpamé kò pe Mùhyídéènì ní Bàbá Múítì mọ́. Orúkọ àbúrò olóògbé ni wọ́n ń fi pè é, Bàbá Mùnírátù, kí wọ́n má baà fọwọ́ kan egbò. Ó ń dá wọn lóhùn. Ó sì ń ta ẹ̀yà ara alùpùpù rẹ̀ lọ.

Linux, ètò ọ̀fẹ́ kan tó ń darí kọ̀ǹpútà, ni Múítì ń lò lórí kọ̀ǹpútà àlòkù rẹ̀. Ó ní ojúewé kan lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, níbi tí ó ti ń fi Yorùbá sọ èrò rẹ̀ nípa géèmù tó lè ṣiṣẹ́ lórí Linux. Irú méjì ló fẹ́ràn: èyí tó ń ṣe bí iṣẹ́ gidi, bí ọkọ̀ wíwà àti oko dídá, àti èyí tí ẹnì kan ṣoṣo jókòó sílé ṣe, láìsí ilé-iṣẹ́ ńlá lẹ́yìn rẹ̀. Èébú ló fi máa ń bẹ̀rẹ̀. “Géèmù jákujàku! Ta ló kọ́ ẹni yìí ní oko ríro?” Lẹ́yìn náà ni yóò wá máa yìn ín. Ange, ọmọ ẹ̀yà Ewe kan tó gbọ́ Yorùbá lẹ́nu àwọn oníṣòwò àdúgbò rẹ̀ ní Notsé, kì í kúrò lójúewé náà. Òun àti Múítì kò fojú rí ara wọn rí.

Lẹ́yìn ìsìnkú, Mùhyídéènì ṣí kọ̀ǹpútà láti kéde ikú. Ọ̀rọ̀ Ange ló bá níbẹ̀.

“Múítì, o dákẹ́ jù. Ṣé o ti kú ni? Wá bú géèmù ọkọ̀ akẹ́rù tuntun yìí fún wa jàre.”

Ó fẹ́ kọ “bẹ́ẹ̀ ni”. Ọwọ́ rẹ̀ kọ̀. Ó ṣí géèmù akẹ́rù náà, ó wà á títí ó fi yé e díẹ̀, ó sì fi orúkọ Múítì kọ̀wé:

“Ẹ kú ọ̀sán o, gbogbo ilé. Géèmù jákujàku! Ẹ́ńjìnnì yìí ń ké bí èyí tí ọ́ìlì tán nínú rẹ̀, awakọ̀ kò sì gbọ́ nǹkan kan. Ṣùgbọ́n bí ọkọ̀ ṣe ń mí hẹlẹhẹlẹ gun òkè yẹn, ẹni tó ṣe é ti wakọ̀ rí.”

Ó tún un kà. Ó jọ ti Múítì.

Ange fèsì. Èsì náà kò gùn.

“Ẹ ṣeun. À ń retí òmíràn. Ẹ má jẹ́ kó pẹ́.”

Báyìí ni Mùhyídéènì ṣe di ẹni tó ń ti ìsọ̀ bọ̀ wá gbin àgbàdo sínú kọ̀ǹpútà, tó ń gbẹ́ kànga, tó ń darí ọkọ̀ ojú irin. Bí géèmù kan bá kọ̀ láti ṣí, Ange á fi sùúrù kọ́ ọ. “Ẹ tẹ èyí. Ẹ dúró díẹ̀. Ẹ wá tẹ tọ̀hún.” Mùhyídéènì á rẹ́rìn-ín. Ọmọ Ewe ni. Níbo ni yóò ti mọ ibi tí “o” ti yàtọ̀ sí “ẹ”?

Àmírátù, ìyàwó rẹ̀, máa ń dúró lẹ́nu ọ̀nà wò ó.

“Bàbá Mùnírátù, ẹ kú ọ̀sìn adìyẹ inú ẹ̀rọ o.”

“Tèmi kì í ṣu sí àgbàlá ẹnikẹ́ni.”

“Ẹ máa ṣe yẹ̀yẹ́. Ọmọ ọlọ́mọ ni ẹ ń tàn jẹ. Lọ́jọ́ tó bá mọ̀, yóò sunkún ọ̀rẹ́ rẹ̀, yóò tún sunkún irọ́ yín.”

Mùhyídéènì yíjú padà sí kọ̀ǹpútà. Bí ó bá sọ ọ́, kò tún sí ẹni tí yóò béèrè èrò Múítì láyé mọ́.

Ìgbà tó yá ni Ange kọ̀wé pé: “Èmi náà ti ṣe géèmù. Tasí tó ń ti Notsé lọ sí Atakpamé ni. Kò tíì sí ẹni tó rí i. Èrò yín ni mo fẹ́ kọ́kọ́ gbọ́.”

Mùhyídéènì wà á. Ó dúró ní Glei, ìlú kan lójú ọ̀nà náà, láti gbé bàbá arúgbó kan, tasí náà kò sì lọ mọ́. Ó wá àṣìṣe náà títí. Ìgbà tí ó tẹ bọ́tìnì ìkíni, tí awakọ̀ kí arúgbó náà, ni ọkọ̀ tó gbéra.

Kò lè kọ èrò kankan. Irọ́ kò ṣeé pa sórí iṣẹ́ ọwọ́ ọmọ. Ó béèrè ibi tí Ange ń gbé. Ange júwe rẹ̀, kò béèrè ìdí.

Ó gbé kọ̀ǹpútà náà há abíyá, èyí tí Múítì lẹ àwòrán ẹyẹ tó jẹ́ àmì Linux mọ́ lẹ́yìn. Nínú ọkọ̀, ó ń tún gbólóhùn kan ṣoṣo pè lábẹ́nu: Múítì ti kú, èmi ni mo ń kọ ọ́. Ní Notsé, ó rí ìsọ̀ tí wọ́n ti ń tún fóònù ṣe lábẹ́ igi máńgòrò, bí Ange ṣe júwe rẹ̀. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan dúró níwájú rẹ̀, ó ń pariwo mọ́ ojúgbà rẹ̀.

“Fájọbí! Ìwọ olè yìí, o tún ti gbé ṣájà èmi Ange lọ! Bí o kò bá dá a padà, ìyá rẹ ni yóò bá mi san án!”

Mùhyídéènì dúró. Yorùbá náà dán. Gbogbo “o” ló wà ní àyè rẹ̀.

Ange yíjú padà, ó rí ẹyẹ tó wà lẹ́yìn kọ̀ǹpútà náà, ó sì dọ̀bálẹ̀ gbalaja sórí iyanrìn. “Ẹ káàbọ̀, Bàbá Múítì,” ni ó wí, “láti ọjọ́ tí ẹ ti kí wa kí ẹ tó bú géèmù akẹ́rù yẹn ni mo ti mọ̀ pé ẹ̀yin ni.”